Àwọn Tó Ń Gbé Orí Omi àti Ẹja Tó Wà Nínú Igbá Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wa

  

Lọ́dún tó kọjá, ìtàn ọjà wa la sọ níbí, ẹni tó kọ́kọ́ to pákó àti ẹni tó kọ́kọ́ ta gàrí. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní kí á sọ ìtàn àwọn tó ń gbé orí omi. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Gbogbo wa la mọ̀ pé lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì láti oṣù kẹta. Obìnrin méje tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wa. Fọ́ọ̀mù wa béèrè nọ́ńbà ilé, ó béèrè orúkọ àdúgbò, ó tún béèrè orúkọ onílé. Níbi nọ́ńbà ilé, àwọn méjèèje kọ ohun kan náà: "orí omi". Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé inú omi la ó ti lọ gba owó wa bí wọn kò bá san án. Ìbéèrè gidi ni ìyẹn, a ó dé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dìbò, ó yẹ kí á mọ irú èèyàn tí à ń dìbò lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn wá síwájú.

Ní ilẹ̀ Benin tó múlé gbè wá, lẹ́bàá Kùtọnu, ọ̀sà kan wà tí wọ́n ń pè ní Nokoué. Orí ọ̀sà náà ni ìlú Ganvié wà. A kò sọ pé etí omi o, orí omi la wí. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n wá kọ́lé lé òpó lórí. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ni ọmọdé fi ń lọ sílé ìwé, ọkọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń lọ kí aládùúgbò tó bímọ.

Kí ló gbé èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ síbẹ̀? Ogun ni. Ní 1724, Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun Allada. Ní 1727, ó kó Whydah tó sún mọ́ etí òkun. Àwọn tí wọ́n bá mú lójú ogun, wọ́n ń tà wọ́n fún òyìnbó, òyìnbó á sì kó wọn lọ. Dahomey yìí kan náà ni o, òun ló wá gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn Ẹ̀gbá ní odi àti ìbọn. Àwọn Tofinu, ìyẹn àwọn ará Ganvié, omi ni odi tiwọn. Ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dahomey láti jagun lórí omi, ni wọ́n bá bọ́ sórí omi, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ìtumọ̀ Ganvié lédè wọn kò jìnnà sí kí èèyàn sọ pé "a yè é".

Nítorí náà, bí a bá rí ilé orí omi, kí á má ṣe rò pé ọ̀lẹ ló kọ́ ọ, tàbí ẹni tí kò mọ ibi tí ayé dé. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun má di ẹrú ló kọ́ ọ.

Wọ́n dé orí omi tán, wọ́n ní láti jẹun. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, àwa tí à ń ta ẹja gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á rì í mọ́ inú omi lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ẹni gbin oko. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹja á wá fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́, á máa jẹun níbẹ̀, á sì bímọ síbẹ̀. Tó bá tó àkókò, wọ́n á fi àwọ̀n yí gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n á fa ẹ̀ka jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá kó ẹja. Akadja ni wọ́n ń pè é. Oko ni, kò sí ohun mìíràn tí a lè pè é. Ó lẹ́ni tó ni ín, wọ́n sì ń jogún rẹ̀.

Ohun kejì tó wù wá nínú ìtàn Ganvié ni ti àwọn obìnrin. Ọkọ ló ń pẹja, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ń ra ẹja náà lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ gbọ́ dáadáa: ó ń rà á ni. Èrè tó bá jẹ lórí ẹ̀, tirẹ̀ ni. Ó lówó tirẹ̀, ọkọ lówó tirẹ̀, bí àwọ̀n ọkọ bá ya, ìyàwó lè yá a lówó. (A kò sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta nǹkan fún wa o.)

Wàyí o, báwo ni èyí ṣe kan Èkó? Ẹ wo omi. Láti Nokoué, omi wà tó dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Láti Àjàṣẹ́, omi dé Àgbádárìgì. Láti Àgbádárìgì, ó dé Èkó, ó tún lọ sí Ẹ̀pẹ́, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó lọ́kọ̀ àti àjẹ̀ lè rin gbogbo ọ̀nà yìí kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tí Dahomey kó Whydah, ọ̀pọ̀ èèyàn gba ọ̀nà omi yìí sá wá sí Àgbádárìgì. Ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn, àwọn tí à ń pè ní Ẹ̀gùn, tẹ̀ lé ẹja wá sí Èkó.

Ààlà tó wà láàrin Nàìjíríà àti Benin, 1889 ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó pín in. Nígbà tí wọ́n ń fà á, àwọn Ẹ̀gùn ti ń pẹja lápá méjèèjì. Màkókó tí gbogbo wa mọ̀, tó wà lábẹ́ ojú ẹni tó bá ń gba afárá Third Mainland kọjá, láàrin ọdún 1800 sí 1900 ni àwọn apẹja ti tẹ̀dó síbẹ̀. Afárá náà, 1990 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ ní ìpàdé wa pé "ará Kùtọnu ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ sílé wọn", ìbéèrè tiwa ni pé èwo ló kọ́kọ́ dé, apẹja ni tàbí ààlà?

Àwọn Ẹ̀gùn nìkan kọ́ o. Àwọn Ìlàjẹ wá láti ìlà-oòrùn, láti etí òkun tó wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí. Àwọn náà mọ orí òpó bí ẹni mọ ilé ìyá ẹ̀. Ní 1947 ni wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀ níbẹ̀, ìlú tí gbogbo ará ìlú jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń pín ohun tí wọ́n bá rí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ṣe, ẹ lọ bi àwọn àgbà Ìlàjẹ léèrè nípa ìlú yẹn. Ó dunni pé òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ kan náà ló ń gba etí òkun lọ pẹja títí dé Kamẹrúùnù, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.

Kí ló dé tí wọn kì í fi í dúró lójú kan? Ẹja ni kì í dúró. Nígbà òjò, omi tó ti òkè wá máa ń mú kí omi ọ̀sà dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á ti òkun wọlé. Ẹja tó fẹ́ iyọ̀ á wọlé, èyí tó fẹ́ omi dídùn á sá lọ sókè, apẹja á sì tẹ̀ lé e. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ló ń di ilé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń dáná, aṣọ tàbí ọ̀rá tí wọ́n ta sókè ni òrùlé. Bí wọ́n bá rí ibi tí ẹja pọ̀, wọ́n á rì òpó mẹ́rin, wọ́n á kọ́ ahéré. Bí ẹja bá ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, ahéré á di ilé, ilé á di abúlé, abúlé á ní baálẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí. Kò sí ẹni tó jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ilé tí ìjọba kò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ẹja ní Asejere mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kì í ṣe ọ̀bọ̀kún àti epìyà inú ọ̀sà nìkan ni wọ́n ń yan. Ẹja inú yìnyín tó ti òkè òkun wá, àwọn ni wọ́n ń rà á ní páálí, tí wọ́n ń tò ó sórí ààrò, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ẹja gbígbẹ tí à ń tà fún oníbàárà. Èéfín náà ń ṣe ojú àti àyà wọn níṣẹ́. Ìyàǹgbẹ igi ni wọ́n fi ń kún ibi tí omi kò jìn, títí á fi di ibi tí èèyàn lè tẹ̀. Ohun tó máa ń yà wá lẹ́nu jù ni pé omi yí wọn ká, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi mímu lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó ń kiri. Omi ọ̀sà ti bàjẹ́. Ewéko orí omi tó gba apá Àgbádárìgì wọlé ní nǹkan bí 1984 máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, ó sì ń ya àwọ̀n. Àwọn tó ń wa iyanrìn náà ń da ibi tí ẹja ń yé sí rú. Bí ẹja ọ̀sà bá wọ́n lọ́jà, tí oníbàárà ń bú wa pé olè ni wá, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìlékúrò, èyí tó ń ba àwọn kan nínú wa lẹ́rù.

Ẹ̀yin àgbà rántí Màrókò. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, kéde pé kí wọ́n kó ẹrù wọn láàrin ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, kátápílà wọlé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ni wọ́n sọ pé ó pàdánù ilé. Ohun tí ìjọba wí ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, omi lè bò ó. Wọ́n lé wọn tán, wọ́n da iyanrìn sí i, ilé àwọn olówó ló wà níbẹ̀ lónìí. Omi tó fẹ́ bo tálákà kò rí ti olówó. Àwọn díẹ̀ nínú àwọn ará Màrókò rí ilé tí wọn kò tíì parí wọ̀ ní Ìlasan àti Ìkọ̀tà. Àwọn tó kù tú ká. Ọjà tú ká pẹ̀lú wọn, àjọ tú ká, gbèsè tí èèyàn jẹ ara wọn tú ká. Ibi tí ẹ̀rù wa ti wá nìyẹn, a kò ní díbọ́n pé kò sí.

Ní oṣù keje 2012, ó kan Màkókó. Wákàtí 72 ni wọ́n fún wọn. Wọ́n ń gé òpó ilé fún ọjọ́ mélòó kan, títí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn baálẹ̀ wọn ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ìgbà náà ni wọ́n tó dúró. Ní 2013, ayàwòrán ilé Kunlé Adéyẹmí kọ́ ilé ìwé alájà mẹ́ta tó léfòó sórí àgbá ọ̀rá síbẹ̀. Gbogbo ayé ya fọ́tò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2016, òjò ńlá wó o. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ilé náà dára lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wá, bébà tó ń sọ pé ibi tí òpó wọn wà jẹ́ tiwọn ni ìbá ṣe wọ́n láǹfààní jù.

Ti Otodo Gbame ló burú jù lẹ́yìn Màrókò. Abúlé apẹja Ẹ̀gùn ni, lápá Lẹ́kí, nǹkan bí 30,000 èèyàn. Ní oṣù kọkànlá 2016, iná jó ilé, kátápílà sì wọlé. Ní oṣù kìíní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé irú ìlékúrò báyìí jẹ́ ìwà ìkà sí ọmọ ènìyàn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, wọ́n padà wá, pẹ̀lú tajútajú àti ìbọn, wọ́n wó èyí tó kù. Àjọ Amnesty International kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn lọ́dún náà pé nínú ìlékúrò Otodo Gbame àti Ilubirin, ó kéré tán èèyàn 11 kú, wọn kò sì rí èèyàn 17. Àwọn ìdílé kan sùn sínú ọkọ̀ wọn lórí ọ̀sà fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí bàbá ńlá wọn ń ṣe nítorí ẹja, àwọn ń ṣe é nítorí kátápílà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2017, ilé-ẹjọ́ tún dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe náà lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n ilé ti wó.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa lórí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Omi ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ní tàwọn ni, ìpínlẹ̀ Èkó ní tàwọn ni. Wọ́n fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi gbè sí ẹ̀yìn ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní 2024. Láàrin erin méjì yìí, obìnrin tó ń yan ẹja kò lè rí ìwé onílé mú wá fún wa, bó fẹ́, bó kọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ẹja mú ìwé ìwakọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ìbéèrè àwọn tó bínú: bí wọ́n bá wó ilé wọn lọ́la, ta ni yóò san owó wa?

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe jẹ́. Ní 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀. Ìwà ni wọ́n fi ń yá èèyàn lówó, pẹ̀lú ohun tó ti fi pamọ́ àti onígbọ̀wọ́ tó mọ̀ ọ́n. Báńkì ló ń béèrè ilé. Nítorí pé báńkì ń béèrè ilé la ṣe dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Àwa tí à ń gbé ilẹ̀ náà, mélòó nínú wa ló nílé? Yàrá tí a gbà la fi kún fọ́ọ̀mù, orúkọ onílé tó lè lé wa jáde lóṣù tó ń bọ̀ la kọ síbẹ̀. Èsúsú tí àwọn ìyá wa dá kò ní fọ́ọ̀mù rárá, wọ́n sì fi kọ́ wa níwèé.

Ìkejì, ẹ wo bí òwò wọn ṣe ń yí. Ẹni tó yá owó ra gẹ̀lẹ̀ lè jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà. Ẹja tí wọ́n rà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n yan án lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú ó ti wà lọ́jà wa, owó ti padà. Owó tó ń padà láàrin ọ̀sẹ̀ kan ni à ń sọ. Bí ewu bá wà, a lè fi bí owó náà ṣe máa kéré tó àti bí a ó ṣe máa gbà á dín ewu náà kù. A kò ní láti ti ìlẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀, ohun tí a sì fẹ́ gbé wá síwájú yín nìyí. Kí á yọ "nọ́ńbà ilé" kúrò nínú fọ́ọ̀mù, kí á kọ "ibi tí a ti lè rí ọ" síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé orí omi á mú lẹ́tà baálẹ̀ wá àti orúkọ èbúté tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Onígbọ̀wọ́ méjì ni á ní, ọ̀kan láti orí omi, ọ̀kan láàrin àwa tí a ti wà nínú ẹgbẹ́, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀. Á dá owó fún oṣù mẹ́fà bíi ti gbogbo wa kó tó lè yá, ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ kò sì ní ju ohun tó ti dá lọ. Ọjọ́ ọjà ni á máa san án díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó níbi ìgbá ẹja. Àwọn kan ní kí á fi kún un pé bí ìjọba bá wó ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí á dá sísan dúró fún oṣù mẹ́ta. Akápò kò tíì gbà sí èyí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ á wá béèrè. Òótọ́ ló wí, ṣùgbọ́n lérò tiwa, ẹni tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ náà yẹ kó rí i gbà. Ẹ ó gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Fọ́ọ̀mù tuntun náà wà lọ́wọ́ Akápò, ẹni tó bá fẹ́ kà á kí ilẹ̀ tó ṣú lè lọ bá a lábẹ́ ìbòòrùn. Àwọn obìnrin méjèèje náà wà níbí, àwọn ló jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, tí wọ́n wọ ankara aláwọ̀ búlúù. Ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ jẹ yìí, ọwọ́ wọn la ti rà á, wọn ò sì gbówó lé e fún wa. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí olúkúlùkù mú káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ dání, ẹni tí kò bá ní káàdì kò ní lè dìbò.